Olófòófó tí mo rà fún Màmá

Ẹgbẹ́ ni Màmá mi àti UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Ìbàdàn. Ọdún 1957 ni wọ́n bí Màmá ní Bẹẹrẹ, ọdún náà ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn yẹn. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti rí aṣọ funfun dókítà báyìí, ẹ̀jẹ̀ wọn á ru sókè. Ẹ wá béèrè iye tí wọ́n wọ̀n nílé. "Ó dáa." Dáa bíi mélòó, Màmá? "Àṣàkẹ́, mo ní ó dáa!"

Ìdí tí mo fi lọ sí Dùgbẹ̀ nìyẹn, tí mo ra ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́, ₦52,000. Bátìrì kéékèèké mẹ́rin ló ń lò, kò bá NEPA jà. Bó bá wọn ẹ̀jẹ̀ tán, Bluetooth ló fi ń ju iye rẹ̀ sórí fóònù, kò jẹ dátà, bí fóònù kò bá ṣáà ti jìnnà ju nǹkan bíi mítà 10 lọ. Fóònù tọ́ọ̀ṣì ni Màmá ń lò, torí náà, ti Kọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, la so mọ́ ọn. Òun ló ń fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí èmi àti dókítà lórí WhatsApp.

Apá ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá kò ju ti apá 22 sí 32 sẹ̀ǹtímítà lọ. Apá Màmá jẹ́ 36. Iyán ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn gún. Bí aṣọ yẹn bá fún jù, iye á ga ju bó ṣe yẹ lọ, a sì fi odindi ọ̀sẹ̀ kan bẹ̀rù iye òkè tó jẹ́ 171 lásán. Ẹni tó tà á sì ti ní gbogbo apá ló gbà o. ₦9,000 ni mo tún fi ra èyí tó tóbi. Inú ṣì ń bí mi.

Dókítà ní kí ti ilé má kọjá 135/85. Nígbà tí àkọsílẹ̀ pé oṣù kan, wọ́n rí i pé gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń ga. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní Sátidé? Òde àríyá! Màmá kì í lo oògùn tó ń mú wọn tọ̀ bí wọ́n bá ti wé gèlè, torí ta ló fẹ́ máa wá ilé ìtọ̀ kiri lóde ìyàwó? Dókítà bá wọn yí àsìkò oògùn náà padà. Ìyẹn nìkan tó owó tí mo ná.

Ṣùgbọ́n mo yọ ìràwọ̀ kan nínú márùn-ún tí ǹ bá fún ẹ̀rọ náà. Lọ́jọ́ kan, dókítà fi ayọ̀ pè mí: 112/68! Wọ́n ń rò ó bóyá kí àwọn dín oògùn kù. Ara fu mí, mo pe Kọ́lá, ó sì jẹ́wọ́ pé apá òun lòun wé e mọ́, òun fẹ́ mọ bó ṣe ń rí. Bọ́tìnì ẹni méjì wà lára ẹ̀rọ náà lóòótọ́, àmọ́ wọ́n kéré bí hóró ata, bí o kò bá sì tẹ̀ ẹ́, orúkọ Màmá ni gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sí. Kò tiẹ̀ bi ọ́ pé, "Ta nìyẹn?"

Ó ku ti ìṣẹ́jú márùn-ún tí a ní kí wọ́n jókòó kí a tó wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, ẹ̀yìn lára àga, ẹsẹ̀ nílẹ̀, láìsọ̀rọ̀. Láìsọ̀rọ̀! Ní Bẹẹrẹ, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ti ń kí Màmá? A ti gbé àga lọ sí yàrá ẹ̀yìn báyìí.

Olófòófó ni Màmá sọ ẹ̀rọ náà. Láràárọ̀, wọ́n á pe Kọ́lá: "Gbé olófòófó wá, kó wá lọ rojọ́ mi."