Rewáyà ojú ọ̀nà Lọ́kọ́jà ní Kàbbà: bó ṣe bá mi tún tráfíkétọ̀ Camry ọdún 1998 ṣe

Kí n tètè sọ ọ́: iṣẹ́ ọmọ rewáyà yìí, ẹni tó ń tún iná mọ́tò ṣe, mọ́, owó tó gbà kò pa mí lára, àmọ́ kò mọ àsìkò rárá. Ẹni tó bá ń kánjú kó má gbé mọ́tò lọ bá a.

Camry ọdún 1998 ni mò ń wà. Òun ni mo fi ń ti Ìyàrá lọ síbi iṣẹ́ tíṣà ní Kàbbà, òun náà ni mo fi ń kó gàrí lọ sí Lọ́kọ́jà nígbà ìsinmi. Tráfíkétọ̀ rẹ̀, iná tó ń sọ ibi téèyàn fẹ́ yà sí, ló yọnu. Tòsì kì í tàn àfi bí mo bá fọwọ́ tẹ ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí n kò jẹ́ kó gbéra. Tọ̀tún ń tàn dáadáa ní tirẹ̀, àmọ́ bí mo bá yí kọ́nà tán, ọ̀pá kì í padà sáyè rẹ̀, á máa tàn lọ títí n ó fi dá a padà fúnra mi.

Àwọn kan á ní kí ló burú níbẹ̀, ṣebí ọwọ́ wà tí èèyàn lè nà jáde lójú fèrèsé. Ẹ má dán an wò lọ́nà Ọbájáná. Tírélà sìmẹ́ǹtì pọ̀ lójú títì yẹn bí eèrà, tráfíkétọ̀ sì ni àwọn awakọ̀ wọn fi ń bá ẹni ẹ̀yìn sọ̀rọ̀: bó bá tan tọ̀tún, ó ní kí o máa kọjá, bó bá tan tòsì, rọra, mọ́tò ń bọ̀ níwájú. Ẹni tí tọ̀tún tirẹ̀ bá wá ń tàn lásán, irọ́ ló ń pa fún ẹni tó tẹ̀ lé e, irọ́ tó lè pààyàn.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá, n kò ní dárúkọ rẹ̀, kò tilẹ̀ yọjú wo inú mọ́tò tó fi ní rílé, ohun tó ń mú iná ṣẹ́jú, ló bàjẹ́. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó gbowó, nǹkan kan ò yí padà. Ìdí nìyẹn tí ohun tí ọmọ yìí ṣe fi wú mi lórí. Ó kọ́kọ́ kí mi bí a ṣe ń kíra nílẹ̀ wa: "Ọ̀kun ó, Mọ̀mí." Ó jókòó sídìí sítíárì, ó tẹ hásáàdì. Iná ọ̀tún, iná òsì, gbogbo wọn ń ṣẹ́jú. Ó ní, "Mọ̀mí, gílóòbù kan náà, rílé kan náà ni hásáàdì àti tráfíkétọ̀ ń lò. Tí hásáàdì bá ti dáa, inú súwíìṣì tó wà nídìí ọ̀pá yẹn ni ká lọ wò." Ó ní ká ní gílóòbù kan ló jó ni, ṣe ni ìyókù tó wà lápá ibẹ̀ ì bá máa ṣẹ́jú wàrà-wàrà. Ọ̀rọ̀ yìí nìkan tó owó tí mo san.

Kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ó yọ orí bátìrì nítorí ẹ́ábáàgì tó wà láàárín sítíárì, àpò tó máa ń wú jáde bí mọ́tò bá forí sọ nǹkan, kó má lọ bú sí i lójú. Ó tú ìdè ike tó bo ọrùn sítíárì, ó yọ súwíìṣì láìyọ sítíárì fúnra rẹ̀, ó sì tú u palẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì kí n fojú ara mi rí i. Gíríìsì inú rẹ̀ ti gan, ó ti dúdú. Bàbà tí iná ń gbà lọ sí tòsì ti jó. Ìyẹn ṣì ṣeé tún ṣe: ó fi pẹ́tírólù fọ̀ ọ́, ó fi sáńpépà tó kúnná ha á, tòsì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Àmọ́ ìka ike kékeré tí sítíárì máa ń tì nígbà tó bá ń padà bọ̀, òun ti kán. Mo bi í bóyá súpágúlù lè mú un. Ó rẹ́rìn-ín. "Á mú un dé géètì yín, Mọ̀mí."

Ó kù ká ra súwíìṣì mìíràn. Tuntun inú páálí wà nílẹ̀, ó ń dán, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e lọ́wọ́, ó fúyẹ́, ọ̀pá rẹ̀ ń mì. Tòkunbọ̀ ni mo mú. Wọ́n fi wébíìlì gbé e wá láti Lọ́kọ́jà, ₦14,000. Iṣẹ́ ọwọ́ ₦4,000. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tiyín, ẹ mú èyí tó bàjẹ́ dání, kẹ́ ẹ fi ẹnu pílọ́ọ̀gì wọn wé ara wọn. Èyí tó ní súwíìṣì fọ́ọ̀gù láìtì lára lè má bá èyí tí kò ní mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Camry ni wọ́n pe méjèèjì.

Àléébù rẹ̀ wá ńkọ́? Ó ní kí n wá láàárọ̀, oòrùn ti kan àtàrí kó tó dé, kò sì bẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn tí mo gbé mọ́tò lọ tán, ike abẹ́ sítíárì ń dún gìrìgìrì nínú kòtò, kòtò ò sì wọ́n lọ́nà wa. Mo padà lọ. Ìdè kan ni kò dì le. Ó dì í, kò gba kọ́bọ̀, ó tún bá mi fọ ẹnu bátìrì tó ti hu funfun.