Awò ìbọn afẹ́fẹ́: ẹ kọ́kọ́ wo òrùka tó ń dì í mú

Ẹni tó bá fẹ́ ra awò sórí ìbọn afẹ́fẹ́ ní Kétu níbí, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé ìlọ́po mélòó ni awò náà ń sọ nǹkan dà. Ìbéèrè náà kò burú, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Irú ìbọn tí awò fẹ́ jókòó lé ló ṣíwájú, òrùka tí yóò dì í mú ló tẹ̀ lé e. Mo ti rí ẹni tó kó gbogbo owó lé awò, tó wá fi ṣẹ́ńjì tó ṣẹ́ kù ra òrùka. Kò pẹ́ tí ọta rẹ̀ fi ń balẹ̀ káàkiri bí àgbàdo tí wọ́n fọ́n fún adìẹ.

Ìbọn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kí ẹ tó sanwó rẹ̀, ẹ yà ní kọ́mísáríà ọlọ́pàá, ẹ béèrè ìwé tí òfin fẹ́. Ìyẹn tó lórí ọ̀rọ̀ náà.

Sípíríńgì tàbí PCP

Ìbọn onísípíríńgì, èyí tí à ń ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀ ká tó ki ọta bọ̀ ọ́, òun ni owó rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ga, kò sì nílò ohunkóhun mìíràn. Òun náà ló ń fìyà jẹ awò jù. Bí ẹ bá ti fà á, pístọ́ọ̀nù inú rẹ̀ á sáré lọ síwájú, ìbọn á sì tì sẹ́yìn. Bí pístọ́ọ̀nù bá ti kan òpin, ìbọn á tún ta síwájú wìì, kí ẹ tó ṣẹ́jú. Awò ìbọn ẹlẹ́tù mọ bí wọ́n ṣe ń gba ìtìsẹ́yìn. Ìtasíwájú yìí ni wọn kò ṣe wọ́n fún. Ìdí nìyẹn tí awò tó ti bá ìbọn ọdẹ ńlá ṣiṣẹ́ fi lè tú nínú lórí ìbọn tí kò tiẹ̀ pariwo. Nítorí náà, ẹ ra èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ sára rẹ̀ pé ó wà fún ìbọn onísípíríńgì.

PCP, ìbọn tí à ń fún afẹ́fẹ́ sínú àgbá rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mira. Awò èyíkéyìí lè jókòó lé e lórí, òrùka lásán sì tó o. Ibi tí wàhálà tirẹ̀ wà ni afẹ́fẹ́: àgbá rẹ̀ máa ń gbà tó nǹkan bíi báà 200 (báà ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́), bẹ́ẹ̀ táyà mọ́tò kì í ju báà méjì sí mẹ́ta lọ, ẹ̀rọ fọganáísà kò sì lè dé ibẹ̀ láéláé. Ẹ ó ra páǹpù ọlọ́wọ́ tirẹ̀, ẹ ó sì làágùn. Ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀, sípíríńgì ni èmi yóò ṣì mú.

Òrùka méjì tàbí ìdè oníkan

Ibí ni kí owó yín lọ. Òrùka méjì fúyẹ́, ó dínwó, ẹ sì lè sún wọn síwá sẹ́yìn títí ojú yín yóò fi bá awò mu. Àmọ́ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti di irin orí ìbọn mú kò gùn. Bí àwọn méjèèjì kò bá sì wà lójú ìlà kan náà, ńṣe ni wọ́n á máa lọ́ awò lọ́rùn. Ìdè oníkan jẹ́ irin gígùn kan tí òrùka méjèèjì ti wà lórí rẹ̀. Ó wúwo díẹ̀, kò sì fi àyè gbà yín láti sún un bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ó gba irin mú láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lórí sípíríńgì, mi ò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì, òun ni mo máa rà.

Ẹ yí ìdè náà padà, kí ẹ wo ìdí rẹ̀: ṣé ó ní pín-ìn-nì ìdádúró? Irin kékeré kan ni, ó máa ń wọ inú ihò tó wà lẹ́yìn ojú irin orí ìbọn. Nígbà tí ìbọn bá ta síwájú, awò máa ń fẹ́ rọra fà sẹ́yìn. Pín-ìn-nì yìí ló ń dá a dúró. Tó bá jẹ́ òrùka méjì lẹ rà, ti ẹ̀yìn ni kó ní in.

Ẹ wọn ojú irin kí ẹ tó jáde nílé. Ti ọ̀pọ̀ ìbọn afẹ́fẹ́ tó mílímítà 11; ti Weaver àti Picatinny, irú ojú irin mìíràn, tó bíi 21, èkíní kò sì ní wọ èkejì. Ọpọ́n awò náà, ìyẹn ara rẹ̀ tó rí bíi páìpù, ní tirẹ̀: mílímítà 25.4 tàbí 30.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn tó ń tà á kì í sọ. Ọ̀pá ìbọn aṣẹ́lọ́rùn lè dorí kodò díẹ̀ ju ojú irin lọ. Ẹ ó máa yí bọ́tìnì awò sókè títí yóò fi dé òpin, ọta á ṣì máa balẹ̀ nísàlẹ̀. Àwọn kan máa ń gé agolo ohun mímu tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ awò nínú òrùka ẹ̀yìn. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ bó bá nípọn jù, ọpọ́n awò lè tẹ̀. Ìdè tó ṣeé gbé sókè sódò sàn jù, bó tilẹ̀ wọ́n.

Awò wo gan-an?

Awò 4x32 (ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 4, dígí iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ tó mílímítà 32) tí wọ́n máa ń kó pọ̀ mọ́ ìbọn nínú páálí tó fún ẹni tó ń ta agolo lẹ́yìn ilé ní mítà 15. 3-9x40 dára fún ẹni tó fẹ́ ta bébà ní mítà 25 sókè, ṣùgbọ́n kó jẹ́ èyí tó ní AO, òrùka iwájú tí à ń yí sí jíjìnnà àmì. Ọ̀pọ̀ awò ìbọn ẹlẹ́tù ni wọ́n ti tò sí nǹkan bíi mítà 91. Ẹni tó ń yìnbọn ní mítà 10 á rí àmì bàìbàì, àgbélébùú inú awò á sì máa rìn. Ẹ dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù: ẹ gbé e lé orí àpò ìrẹsì, ẹ dojú rẹ̀ kọ ohun kan ní nǹkan bíi mítà 10, ẹ yí AO sí i, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́, ẹ mi orí lọ sọ́tùn-ún lọ sósì. Bí àgbélébùú bá kúrò lórí ohun tó wà, AO rẹ̀ kò dé ibẹ̀. Awò alámì pupa? Ó yá lójú, àmọ́ kì í sọ nǹkan di ńlá, ó sì ń jẹ bátìrì.

Nígbà tí ẹ bá ń dè é

Ẹ so okùn tí bíríkìlà fi ń mọ ògiri tó dúró ṣánṣán mọ́ ẹ̀ka igi, kí ẹ sì mú ìlà tó dúró nínú awò bá a mu. Ojú yín yóò jìnnà sí dígí ní sẹ̀ǹtímítà 7 sí 10. Ẹ má di ìṣó kan parí kí ẹ tó bọ́ sí èkejì. Ẹ máa gbà wọ́n yípo díẹ̀díẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní mítà 10, kí òkìtì yẹ̀pẹ̀ wà lẹ́yìn àmì. Ẹ jẹ́ kí ìbọn jókòó sí àtẹ́lẹwọ́ láìdì í mú gírígírí, ẹ má sì gbé e lé orí pákó líle. Ẹ tẹ̀ síwájú lọ sí mítà 25. Bí bọ́tìnì yín bá jẹ́ ti ìdá mẹ́rin MOA (ìwọ̀n igun kékeré tí wọ́n fi ń ka yíyí bọ́tìnì awò), bó ṣe ń dún kẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ń gbé ọta ní nǹkan bíi mílímítà 1.8 níbẹ̀. Ọta tó balẹ̀ ní mílímítà 36 nísàlẹ̀ ń béèrè ogún kẹ́ sókè. Irú ọta kan náà ni kí ẹ máa lò, torí òjé mìíràn máa ń balẹ̀ síbòmíràn.

Níkẹyìn, ẹ fi fáníìṣì èékánná fa ìlà kékeré kan láti orí ìṣó kọjá sára òrùka. Bí ẹ bá gbé ìbọn sórí zẹ́mì gba ọ̀nà oko eléruku pupa, ẹ wo ìlà náà kí ẹ tó yìn ín. Bó bá ti já, ẹ di ìṣó náà, ẹ tún ta ọta mẹ́ta sí bébà.