Apá ọmọ tuntun tí kò gbéra: eegun ni àbí iṣan?

Ọmọ tí èjìká rẹ̀ há nígbà ìbí lè má gbé apá kan. Bó bá jẹ́ eegun àárín ọrùn àti èjìká ló kán, ọmọ sábà máa ń figbe ta tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. X-ray á fi í hàn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kókó á yọ síbẹ̀, ó ń jinná nìyẹn.

Bó bá jẹ́ iṣan (nerve, èyí tó ń mú kí apá gbéra) tó ti ọrùn wọ apá ló farapa, ìyẹn ló le jù. Apá á rọ̀ jọwọlọ, àtẹ́lẹwọ́ á kọjú sẹ́yìn, síbẹ̀ ọmọ sábà ṣì máa ń di ìka yín mú. X-ray kì í fi iṣan hàn. Bí ìgbọ̀nwọ́ kò bá ká títí di oṣù kẹta, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ iṣan. (Ìyá àgbà, ẹ má fa apá náà nígbà ìwẹ̀ o!) Nígbà míì, méjèèjì ló máa ń ṣe ọmọ kan náà.