Ṣéńjíófà afọwọ́yí àti aládàáṣe: èwo ni kí ẹ rà?

Kí iná òpó àti ti jẹnẹrétọ̀ má ṣe pàdé nínú wáyà kan náà ni iṣẹ́ ṣéńjíófà. Bí wọ́n bá pàdé, iná jẹnẹrétọ̀ yóò gba ojú wáyà padà dé tiransifọ́mà ìta, ibẹ̀ ni yóò ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólìtì lórí òpó tí òṣìṣẹ́ rò pé kò síná lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi ka wáyà onípulọ́ọ̀gì lórí méjèèjì, tí àwọn kan fi ń ti iná sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, mọ́ ohun tí à ń fi wéra. Ó ń pa èèyàn.

Aládàáṣe ni mo kọ́kọ́ rà. Afọwọ́yí ni mò ń lò báyìí.

Bí ẹ bá fẹ́ ra aládàáṣe, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á: báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kó tó yí? Èyí tí wọ́n tà fún mi kì í dúró rárá. Iná òpó yọjú báyìí, ó ti yí sí i. Iná ṣẹ́jú, ó ti padà sórí jẹnẹrétọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni kónpírẹ́sọ̀ firíìjì nílò bí ìṣẹ́jú 3 sí 5 kí afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ tó rọlẹ̀. Bí iná bá dé ṣáájú ìyẹn, kónpírẹ́sọ̀ kò ní lè yí. Yóò kàn máa kùn, yóò máa fa iná rẹpẹtẹ, yóò sì máa gbóná. Bí tèmi ṣe jóná nìyẹn. Ó tún kù: bí fólìtì bá lọ sílẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì inú aládàáṣe kì í lágbára tó láti di irin rẹ̀ mú. Á máa gbọ̀n, á máa ṣáná, títí irin náà á fi jó tàbí tí á lẹ̀ pọ̀. Àwọn tó dára wà o, tó ní táímà, tó sì ń yẹ fólìtì wò kó tó yí, ṣùgbọ́n wọ́n wọ́n.

Afọwọ́yí kò ní mágínẹ́ẹ̀tì kankan. Òpó, àárín, jẹnẹrétọ̀: ipò rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àárín, tí kò síná rárá, ni mo ti ń jẹ́ kí firíìjì sinmi, kí fólìtì jẹnẹrétọ̀ sì dúró ire, kí n tó yí i. Ẹ óò dìde lóru o, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀.

Ní ti áńpíà, ìyẹn ìwọ̀n iná tí ṣéńjíófà lè gbé, ẹ má fi jẹnẹrétọ̀ nìkan díwọ̀n. Ti 5 kVA kò ju bí áńpíà 22 lọ ní fólìtì 230, ṣùgbọ́n bí bíréékà òpó yín bá jẹ́ 63, ṣéńjíófà kò gbọ́dọ̀ dín sí 63.

Bí ínfátà bá wà, iná tó ń jáde lára rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan ti jẹnẹrétọ̀ láé. Ẹ̀yìn ṣéńjíófà ni kó wà, kí iná tí ẹ bá yàn gba ẹnu àbáwọlé rẹ̀ wọlé.

Ilé tí kì í sábà séèyàn, tàbí tí àgbàlagbà ń dá gbé, aládàáṣe onítáímà ló yẹ wọ́n. Ilé yòókù, ẹ ra afọwọ́yí tó ní àárín, kí ẹ fi owó tó kù ra wáyà tó nípọn.