Píjò 504 Onígbá: Iṣẹ́ Ọwọ́ Kan ní Ọ̀yọ́

Ilé iṣẹ́ kékeré kan wà nítòsí ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti ń fi igi àti páànù ṣe ọkọ̀ tí a lè gbé sórí tábìlì, bí ó bá ti wu oníbàárà. Èmi ní kí wọ́n ṣe Píjò 504 fún mi ní ìwọ̀n 1:24 (ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà 1 lára rẹ̀ dúró fún sẹ̀ǹtímítà 24 lára ọkọ̀ gidi), ṣùgbọ́n kí wọ́n fi kàkàkí méjì ṣe sàléńsà rẹ̀, kí wọ́n sì di igbá fínfín rẹpẹtẹ sórí rẹ̀. Ọkọ̀ gidi gùn tó nǹkan bíi mítà 4.49, nítorí náà èyí kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 19 lọ; mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó sì pé.

Ẹrù orí rẹ̀ ni wọ́n ti fi ọgbọ́n ọwọ́ wọn hàn jù. Èyí tó tóbi jù nínú àwọn igbá náà kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, síbẹ̀ wọ́n fi abẹ́rẹ́ gbígbóná ya ọnà sí i lára, okùn tí wọ́n fi dì wọ́n sì ní kókó gidi, bí ti àwọn awakọ̀ wa. Àwọn kàkàkí náà ń pani lẹ́rìn-ín, ohun tí mo sì fẹ́ nìyẹn.

Ọ̀dà ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n kùn ún nípọn jù débi pé ìlà ẹnu ilẹ̀kùn fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ní ìwọ̀n yìí, ọ̀dà tí ó nípọn tó mìlímítà 1 dà bí èyí tí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2.4 lára ọkọ̀ gidi. Táyà rẹ̀ ń yí dáadáa. Owó tí wọ́n gbà kò pọ̀ jù lójú mi, ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún wọn tẹnu mọ́ ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ó tó san àsansílẹ̀.