Sọ́sééjì Cumberland àti Lincolnshire lọ́wọ́ alápatà: ohun tó yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó sanwó

Oríṣi sọ́sééjì ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni méjèèjì. Ara sọ́sééjì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Èyí tó pọ́n bákan náà látòkè délẹ̀, tó ń dán bí ọṣẹ, wọ́n ti lọ ẹran rẹ̀ kúnná jù. Sọ́sééjì tó dáa, ẹ óò máa rí ọ̀rá funfun wínníwínní láàrin ẹran pupa láti ara ìfun tó bò ó.

Ẹ bèèrè ìdá ẹran inú rẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà kí wọ́n pè é ní sọ́sééjì ẹlẹ́dẹ̀ bí ẹran bá ti tó 42 nínú 100. Ó kéré jù fún iye tí alápatà ń gbà. 70 sí 85 ni èmi fara mọ́. Bí alápatà bá ní "Ẹran nìkan ló wà níbẹ̀", kò wú mi lórí o. Rusk, èérún gbígbẹ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ṣe, ló ń fa omi ẹran mọ́ra. Láìsí i, sọ́sééjì a máa le bí ìgbà tí èèyàn ń jẹ rọ́bà.

Ata dúdú ló gbọ́dọ̀ ta yọ nínú Cumberland, wọn kì í sì í so ó ní kéékèèké, ńṣe ni wọ́n ń ká a bí okùn. Láti 2011 ni òfin ti ń dáàbò bo orúkọ "Traditional Cumberland": Cumbria, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ ṣe é, ẹran rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní 80 nínú 100. Bí "Traditional" kò bá sí níwájú rẹ̀, ibikíbi ló lè ti wá. Ewé sage ni ti Lincolnshire. Wọ́n béèrè irú ààbò yẹn fún òun náà, wọn kò rí i gbà, torí náà ẹnikẹ́ni ló lè lẹ orúkọ náà mọ́ ọjà rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ bèèrè nípa ìfun o. Ẹran màlúù lè wà nínú, kó jẹ́ ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n rọ ọ́ sí.

Tí ẹ bá ń dín in, iná kékeré, òróró díẹ̀, ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ máa yí i. Iná ńlá ló ń bẹ́ ẹ: ìfun a súnkì kí ẹran inú tó jinná. Ẹ má fi fọ́ọ̀kì gún un, ọ̀rá tó yẹ kó mú un rọ̀ ló máa ṣàn dànù. Bí omi funfun bá ń hó yí i ká nínú agbada, omi lẹ rà. Ní ti Cumberland, ẹ fi igi ṣúyà méjì gún ìká náà ní àgbélébùú, kó má baà tú nígbà tí ẹ bá fẹ́ dojú rẹ̀ délẹ̀.