Felt, rọ́bà, rọ́ọ̀gì àbí máàtì ẹnu ọ̀nà: èwo ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà kí ilẹ̀ ilé yín má baà kún fún ìlà?

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ táìlì tán, nǹkan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àga, bíi felt (aṣọ rírọ̀ tó nípọn yẹn), ló máa ń sáré lọ rà, kò burú o, ṣùgbọ́n èmi o, máàtì ẹnu ọ̀nà ni màá kọ́kọ́ rà. Yanrìn ló ń ba ilẹ̀ jẹ́ l'Ékòó, ẹsẹ̀ àga kàn ń bá a yí i mọ́lẹ̀ ni. Yanrìn Lẹ́kkí, ti Àjà, ti gbogbo àdúgbò tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí títì rẹ̀, òkúta kan tí wọ́n ń pè ní quartz ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, àwọn tó ń wọn bí òkúta ṣe le tó fún un ní 7, mábù tí a ń náwó gọbọi lé lórí ò sì ju nǹkan bíi 3 lọ. Tẹ́ ẹ bá wá lẹ felt tó dáa jù láyé sábẹ́ àga, tí yanrìn bá ti ráyè há sínú ẹ̀, ó ti di sáńpépà nìyẹn.

Nínú máàtì, èyí tí wọ́n fi èèpo àgbọn ṣe, tó máa ń gún ẹsẹ̀ yẹn, òun ló ń gba yanrìn lára bàtà jù, àmọ́ ẹ má gbé e síbi tí òjò ti máa pa á, torí kì í tètè gbẹ, ó sì máa ń rùn. Bí ẹnu ọ̀nà yín bá wà níta gbangba, ẹ ra onírọ́bà tó níhò níhò, yanrìn á bọ́ sínú ihò, omi á sì ṣàn lọ. Aláṣọ ni kẹ́ ẹ fi sínú ilé, òun ló ń fa omi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní kí àlejò bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Máàtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n kọ Welcome sí lára yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sílẹ̀, ó ń yọ̀ lórí táìlì, kì í gba nǹkan kan.

Kẹ́ ẹ tó náwó rárá, ẹ yẹ ìlà dúdú tẹ́ ẹ rí nílẹ̀ wò dáadáa. Lórí táìlì porcelain, irin kò le tó táìlì yẹn, nítorí náà ọ̀pọ̀ ìgbà irin ẹsẹ̀ àga ló họ tó sì fi àmì sílẹ̀, táìlì fúnra ẹ̀ ò tíì họ. Ẹ fi ọṣẹ ìfọyín díẹ̀ àti àkísà tútù nù ún, bó bá lọ, a jẹ́ pé kò tíì bàjẹ́. (Mábù ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín ha á.)

Ó wá ku felt àti rọ́bà, ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ra ohun tí ò bá wọn mu. Felt ń yọ̀, rọ́bà ń di ilẹ̀ mú. Àga ìjẹun tí àwọn ọmọ ń fà síwá fà sẹ́yìn lójoojúmọ́, felt ló tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì, sófà, ẹ̀rọ ìfọṣọ tó máa ń rìn fúnra ẹ̀ bó bá ń fọn aṣọ, rọ́bà ni kẹ́ ẹ gbé sábẹ́ wọn. Wàhálà felt tó ní gọ́ọ̀mù ni omi. Àwa tá a ń da omi ọṣẹ sílẹ̀ ní Sátidé tá a sì ń fi ìgbálẹ̀ fọ̀ ọ́, gọ́ọ̀mù yẹn ò lè bá wa gbé pẹ́, felt á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gọ́ọ̀mù tó yọ síta á máa kó irun àti ìdọ̀tí jọ. Tí àga bá jẹ́ onípákó, ẹ wá èyí tó ní ìṣó láàárín, ìyẹn ń pẹ́ dáadáa.

Fún àga onírin, fìlà sílíkónì tí wọ́n máa ń wọ̀ sí ẹsẹ̀ àga ló dáa jù, pàápàá èyí tí wọ́n lẹ felt sí ìsàlẹ̀ ẹ̀. Àmọ́ ẹ yẹ ẹsẹ̀ àga wò o. Welder míì á gé páìpù, á fi ẹnu ẹ̀ sílẹ̀ gbayawu láìdí i, ẹnu páìpù yẹn mú, á gé sílíkónì jáde láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ra ìdérí rọ́bà tí wọ́n ń kì bọ ẹnu páìpù, kẹ́ ẹ tó wọ fìlà lé e. Bí ọlọ́jà bá sọ pé "Mummy, ẹ mú un lọ, gbogbo ẹsẹ̀ ló wọ̀," ẹ má dáhùn, ẹ fi òwú wọn àyíká ẹsẹ̀ àga yín nílé kẹ́ ẹ tó lọ, torí èyí tó bá tóbi jù á máa bọ́ sílẹ̀ ṣáá ni.

Ẹ̀yin tí ilẹ̀ yín jẹ́ vinyl, ìyẹn èyí tó ń ṣe bíi pákó àmọ́ tó jẹ́ rọ́bà-rọ́bà, ẹ má gbé rọ́bà dúdú lé e, ẹ má sì tẹ́ máàtì tí ìdí ẹ̀ jẹ́ rọ́bà sórí ẹ̀. Nǹkan kan máa ń jáde lára rọ́bà wọ inú vinyl, á di pupa rúsúrúsú, kò sí ọṣẹ tó ń fọ̀ ọ́ kúrò.

Rọ́ọ̀gì ń bo ilẹ̀, ó sì ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, Balógun kún fún un. Kìkì pé yanrìn ń gba inú ẹ̀ kọjá sísàlẹ̀, nítorí náà ẹ máa ká a kẹ́ ẹ gbá abẹ́ ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń gbé ìsàlẹ̀ ilé ládùúgbò tí omi ti ń wọlé lásìkò òjò, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn rọ́ọ̀gì ńlá jàre. Kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà ló bá ayálégbé tí ilẹ̀ yàrá ẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ǹtì mu, owó ẹ̀ ò ga, ẹ sì lè ká a lọ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń kó jáde, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì máa ń rì sínú ẹ̀, ẹ fi pákó pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹ̀. Lórí laminate, ìyẹn ilẹ̀ tí wọ́n fi pákó lílọ̀ tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ ṣe, ẹ má tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì yìí rárá, omi tó bá há sábẹ́ ẹ̀ á mú kí ilẹ̀ yẹn wú.

Sìlíńdà gáàsì náà wà ńbẹ̀. Ìdí ẹ̀ máa ń dípẹtà sórí táìlì kíṣìnì, ó máa ń fi òrùka pupa sílẹ̀, pákó kékeré kan tó lábẹ́ ẹ̀.

Ẹni tí ò tíì ra táìlì, bó bá dé ọjà táìlì ní Orílé Coker, kó béèrè nọ́ńbà PEI tó wà lára páálí táìlì seramíìkì, òun ló ń sọ bí ojú táìlì ṣe lè fara da ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tó, 0 sí 5 ni wọ́n ń kà á, 3 sókè ni kó mú fún pálọ̀. Ti laminate, AC ni wọ́n ń kọ fún irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, AC3 tó fún ilé.

Kẹ́ ẹ tó jáde lọ ra felt tàbí fìlà, ẹ ka ẹsẹ̀ àga ilé yín. Àga ìjẹun mẹ́fà nìkan, ẹsẹ̀ 24 nìyẹn, tábìlì ò tíì sí níbẹ̀, ẹ sì mú bíi mẹ́fà lé e, torí wọ́n máa ń sọnù sábẹ́ sófà.